Ṣàkírátù àti Ọmọ Tó Dákẹ́

Lọ́dún 1987, bí ènìyàn bá gba àdúgbò kan kọjá ní Achara Layout, nílùú Enugu, lọ́wọ́ ọ̀sán, ohùn méjì ni yóò máa gbọ́ láti inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé alájà kan báyìí. Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ti obìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ á dúró, obìnrin á kígbe pé, "Ọlákẹ́mi!" Ọmọ á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Mà!" Ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, ẹ̀rọ á tún dúró. "Ọlákẹ́mi!" "Mà!" Kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ rán an. Ohùn ọmọ náà ló kàn fẹ́ gbọ́.

Ṣàkírátù lorúkọ obìnrin náà. Ọmọ Ọ̀fà ni. Súwẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé ló ń hun, nítorí ọyẹ́ Enugu kì í ṣeré. Ọkọ rẹ̀, Sírájúdéènì, ń tún aago ṣe lọ́jà Ogbete, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí Ṣàkírátù lóde yóò ní kò sóhun tó lè ba obìnrin yìí lẹ́rù. Ó gbọ́ Ìgbò ju ọkọ rẹ̀ lọ, awakọ̀ tó bá sì fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ á gbọ́ tirẹ̀ níwájú gbogbo èrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bá sùn, ẹ̀rù ló ń bá jí.

Ibi tí ẹ̀rù náà ti wá kò fara sin. Kó tó bí Ọlákẹ́mi, ó ti bí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ìyàndá. Ìyàndá ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n lọ kí àwọn ará ilé ní Ọ̀fà. Ibẹ̀ ni ibà ti mú un, ibẹ̀ ni gìrì ti gbé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ sáré gbé àgbo gìrì jáde, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àlùbọ́sà ṣe, wọ́n sì rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni Ṣàkírátù kò lè gbàgbé. Ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó rò pé oorun ló gbé e lọ, ó ń lé eṣinṣin fún un, inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn pé ara ti tù ú. Àfi ìgbà tí ìyá àgbà kan gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ imú ọmọ náà, tó sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Enugu, ìyá ọkọ rẹ̀ fi ìgò àgbo kan lé e lọ́wọ́. "Bí o bá bí òmíràn, tí gìrì bá tún dé, tètè rọ ọ́ fún un. Ti Ìyàndá ló pẹ́." Ṣàkírátù gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn bí ẹni gbé òkúta. Lọ́dọọdún ló ń pààrọ̀ àgbo náà. Ẹni tó bá ń ti Ọ̀fà bọ̀ kò gbọdọ̀ dé lọ́wọ́ òfo. Abẹ́ ibùsùn ló ń fi ìgò náà sí, ó fi àkísà dí i lẹ́nu, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí àlejò jókòó pẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń tu àwọn mìíràn nínú. Ní ti Ṣàkírátù, ṣe ló ń lé oorun lójú rẹ̀. Ọlákẹ́mi kò lè sùn kí ìyá má gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí i nímú. Kò lè jókòó sí kọ̀rọ̀ kan kí ìyá má pè é. Bó bá sì pè é tí ìdáhùn falẹ̀ díẹ̀, àyà rẹ̀ á já, á fò dìde, òwú á sì já lórí ẹ̀rọ.

Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lóòjọ́, báwo ló ṣe fẹ́ ka ìwé? Ọlákẹ́mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ojú rẹ̀ kò sì dúró sójú kan rí. Ní kíláàsì, á kọ ìṣirò dé ìdajì, á gbórí sókè, á máa tẹ́tí. Ó ń jẹ èékánná títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Bí ìdánwò bá ku ọ̀la, á bì. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, tí kálukú ń kọ̀wé, ó kàn fò dìde ni, ó ké pé, "Mà!" Kò sẹ́ni tó pè é. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí, tíṣà sì pè é ní olódo.

Josephine, obìnrin Ìgbò tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. "Mama Kemi, I no go hide am for you," ló wí. "This your pikin na ogbanje. See as im eye dey waka. E get where dem dey call am."

Ọgbanje. Ohun tí Yorùbá ń pè ní àbíkú náà ni. Ṣàkírátù rẹ́rìn-ín, ó ní kí Josephine lọ jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a padà sídìí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ń pe ọmọ níbòmíràn, òun náà ní láti máa pè é. Ó sọ ìpè di ìlọ́po méjì.

Àsìkò yìí ni Súnmọ́lá dé. Agùnbánirọ̀ ni, ọmọbìnrin Abẹ́òkúta, tínínrín bí igi ìgbálẹ̀ nínú aṣọ kakí tó tóbi jù ú lọ. Iléèwé Ọlákẹ́mi ni wọ́n gbé e sí. Òun náà ti jẹ irú ìyà yìí rí: nígbà tó wà ní girama, bí ìdánwò bá dé, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì títí á fi dákú. Obìnrin ará Índíà kan tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ló pè é sí kọ̀rọ̀, tó kọ́ ọ ní yógà, bí a ti í na ara, bí a ti í ka èémí, títí àyà á fi rọlẹ̀. Ó ti wá kó ọmọ méje jọ nínú iléèwé náà, àwọn tí ara wọn kì í balẹ̀ àti àwọn tí ẹ̀rù máa ń bà, ó ń kọ́ wọn lórí ẹní lẹ́yìn tí iléèwé bá parí. Ó fẹ́ kí Ọlákẹ́mi ṣe ìkẹjọ wọn. Ọ̀sán Jímọ̀ ló wá bá àwọn òbí rẹ̀ nílé, lẹ́yìn ìrun.

"Ṣé wọ́n ń pe orúkọ kankan níbẹ̀?" ni Sírájúdéènì bi í. "Ti òrìṣà, tàbí ti ẹ̀mí kan?"

"Rárá o, sà. Èémí nìkan ni wọ́n ń kà."

"Wọ́n ń mu nǹkan?" Ṣàkírátù ló bèèrè ìyẹn.

"Wọn kì í mu nǹkan kan, mà. Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó."

"Aago tó bá ń sáré, a kì í lù ú," ni Sírájúdéènì wí. "À á ṣí i, à á rọra tún un ṣe. Ẹ máa mú un lọ, Tíṣà."

Ìyàwó rẹ̀ kò lè jà á níyàn níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n bí Josephine ti gbọ́ pé Índíà ni nǹkan náà ti wá, ó lanu. "India? Mama Kemi! Na snake dem dey worship. Na so dem dey take collect person spirit." Ṣàkírátù náà ti wo fíìmù Índíà rí, ó ti rí obìnrin tó di ejò níbẹ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì náà láti yọjú.

Ká sòótọ́, ohun tó kọ́kọ́ rí pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ dúró lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ní àwọn ń ṣe igi, ìjì sì ń da gbogbo igi náà wó. Wọ́n fọwọ́ àti orúnkún gúnlẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò. Ọlákẹ́mi ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Súnmọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn ọmọ sì dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n di ojú. Ó fi bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lé ikùn wọn kí wọ́n lè máa fi èémí gbé e sókè, kí wọ́n máa sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ojú fèrèsé, ta ló ń rí bọ́tìnnì? Ọmọ mẹ́jọ ni Ṣàkírátù rí lórí ẹní, tí ẹnì kan kò mira, tiẹ̀ sì wà láàárín wọn. Kò mọ ìgbà tó pariwo.

"Ọlákẹ́mi!"

Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló fò sókè. Bọ́tìnnì fọ́n ká ilẹ̀. "Mà!" ni Ọlákẹ́mi wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èékánná.

Súnmọ́lá tẹ̀ lé ìyá náà jáde sábẹ́ igi máńgòrò. "Kí lẹ ń pe eléyìí?" ni Ṣàkírátù bi í.

Súnmọ́lá kò mọ irọ́ pa, àbùkù rẹ̀ nìyẹn. "Àwọn ará Índíà ń pè é ní ìdùbúlẹ̀ òkú, mà. Ṣùgbọ́n ewé orí omi ni èmi àti àwọn ọmọ ń pè é."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló wọ Ṣàkírátù létí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ni Súnmọ́lá wí. "Bó bá wà lórí ẹní, ẹ má pè é. Ọgbọ̀n èémí péré ni. Ìpè yín ló ń gbọ́ ní kíláàsì, kódà nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀. Kò lè ronú nítorí pé ó ń dúró dè yín."

"Mo ti gbọ́," ni Ṣàkírátù wí. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́.

Ká má purọ́, yógà náà ṣiṣẹ́. Ọlákẹ́mi ṣa bọ́tìnnì aláwọ̀ ilẹ̀ ńlá kan nínú agolo ìyá rẹ̀, ó sì ń ṣe ewé orí omi nílé lójoojúmọ́. Kó tó pé oṣù méjì, èékánná rẹ̀ hù. Ó mú ìṣirò mẹ́wàá wálé, ó gba mẹ́sàn-án, Sírájúdéènì sì gbé ìwé náà lọ sọ́jà lọ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Inú Ṣàkírátù dùn. Àmọ́ ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, kó tó pe orúkọ ọmọ tán ni ọmọ ti ń dáhùn. Báyìí, ó di kó pè é lẹ́ẹ̀méjì. Nígbà mìíràn á bá a níbi tó ti tẹjú mọ́ ìwé, tí kò gbọ́ ìpè rárá. Ohun tí ìyá mìíràn ì bá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni obìnrin yìí ń wò bí àmì ikú. Ó ń lọ, ló ń wí sínú. Díẹ̀díẹ̀ lọmọ mi ń lọ.

Ọjọ́ náà pé, nínú oṣù kìíní ọdún 1988. Ọyẹ́ mú débi pé a kò rí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ṣàkírátù kó súwẹ́tà lọ sí iléèwé kan ní Uwani, ó fi Ọlákẹ́mi sílẹ̀, ó ní kí Josephine máa bá òun yọjú sí i. Ọkọ̀ wọ́n nígbà tó ń bọ̀. Bó ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí kò rìn, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, eré ló ń sá.

"Ọlákẹ́mi!"

Kò sí ìdáhùn. Ìlẹ̀kùn Josephine wà ní títì.

"Ọlákẹ́mi o!"

Ó ti ìlẹ̀kùn wọlé. Ọmọ náà wà lórí ẹní, gbalaja, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Òtútù ti mú kó fi ìró ìyá rẹ̀ bo ara dé ọrùn. Eruku ọyẹ́ ti bo ètè rẹ̀, ètè funfun bí ẹfun. Ewé orí omi ló ń ṣe, ó sì ti ka èémí rẹ̀ kọjá ọgbọ̀n, ó ti sùn lọ, irú oorun àsùnwọra tí kò sùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ kó sùn ún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún Ṣàkírátù? Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí i nímú. Ọyẹ́ ti pa ọwọ́ náà kú, ó sì ń gbọ̀n bí ewé. Kò mọ̀ ọ́n lára pé èémí ń jáde.

Ti Ìyàndá ló pẹ́.

Kò sáré pe ẹnikẹ́ni. Kò gbọn ọmọ. Abẹ́ ibùsùn ló kọrí sí. Ó fi eyín fa àkísà ẹnu ìgò, ó di ọmọ mú ní àgbọ̀n, ó sì yí ìgò náà sí i lẹ́nu. Ọlákẹ́mi lajú. Ṣàkírátù rí i pé ó lajú. Ó rí i kedere, yóò sì máa rí i títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ti dà á. Ọmọ rí ojú ìyá rẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n ti pe òun, òun kò dáhùn. Ó lanu láti sọ pé "Mà." Ibẹ̀ ni àgbo gbà wọlé.

Ó há a lọ́fun. Ojú ọmọ yí padà, ó ń já èémí tí kò wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Ìró ká kúrò lára rẹ̀, bọ́tìnnì sì yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Igbe tí Ṣàkírátù ké ló mú Josephine sáré wọlé láti ojúde. Òun ló gbé ọmọ lé èjìká, òun ló dá táksì dúró, òun ló ń gbá ọmọ lẹ́yìn, tó ń pe Jésù títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ṣàkírátù di ìgò mọ́wọ́, kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun.

Dókítà tó bá wọn níbẹ̀ ń jẹ́ Ògúnbíyìí. Ó gbé orí sún mọ́ ọmọ, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì fi èdè Òyìnbó sílẹ̀ kíá. "Ta ló fún un ní àgbo màlúù?" Kò dúró gba èsì. Wọ́n ki rọ́bà bọ ọmọ lọ́fun, wọ́n fa omi náà jáde, wọ́n fi omi ṣúgà sí i nínú iṣan, wọ́n fi ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́ láti mí. Títí di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó lè sọ pé yóò yè. Sírájúdéènì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka tẹ̀súbà. Ṣàkírátù dúró síbi gíláàsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò pe orúkọ ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ lajú. Dókítà pe ìyá sí kọ̀rọ̀. Kò pariwo mọ́ ọn, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. "Ìyá, gìrì kì í sábà pa ọmọ," ló wí. "Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń lọ fúnra rẹ̀. Àgbo yìí ló ń pa wọ́n. Ó máa ń mú kí ọmọ gbàgbé láti mí. Mo rí wọn ní Ìbàdàn níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n á sùn, ìyá wọn á rò pé ara ti tù wọ́n."

Ṣàkírátù rántí. Ohun tó ti fi ọdún mẹ́wàá bò mọ́lẹ̀ ló dìde dúró níwájú rẹ̀. Gìrì ti fi Ìyàndá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ti sunkún. Ó ti pe "Ìyá," ó ti nawọ́ sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n tún rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí gìrì lè lọ tán. Ọmọ kò fẹ́ gbé e mì, ó ń pa ẹnu dé. Ta ló wá di imú rẹ̀, kó lè lanu? Òun ni. Ọwọ́ yìí ni. Ti Ìyàndá kò pẹ́ rárá.

Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, Sírájúdéènì gba ìgò náà, ó lọ dà á sí gọ́tà. Ó pẹ́ kó tó padà. "Ṣàkírá," ló wí, "Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́ èyí. Yóò pa wọ́n." Wọ́n sì jọ sunkún.

Ọlákẹ́mi padà sílé, ó padà síléèwé. Ṣùgbọ́n kò dùbúlẹ̀ sórí ẹní mọ́. Ó ń ṣe igi, ó ń ṣe ológbò; bó bá di ewé orí omi, á jókòó, á la ojú sílẹ̀ gbagada. Súnmọ́lá bi í léèrè jẹ́jẹ́. "Bí mo bá di ojú," ni ọmọ wí, "Mọ́mì á rò pé mo ti kú."

Súnmọ́lá tọ ìyá wá. "Mà," ló wí, "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí i pé èèyàn lè dákẹ́ kó sì wà láàyè."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Ṣàkírátù pa ẹ̀rọ, ó tẹ́ ẹní síwájú ọmọ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ọlákẹ́mi wá bọ́tìnnì lábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi lé e níkùn. Ẹ̀rù ń ba obìnrin yìí ju bó ti bà á ní Ọ̀fà lọ, ṣùgbọ́n ó di ojú. Ẹ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ pé kó ké, "Ọlákẹ́mi!" kó lè gbọ́ "Mà." Ó di ètè mú. Ó kà dé mọ́kànlá.

Nígbà náà ni ohun kan kàn án lábẹ́ imú. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni, ọwọ́ kékeré, tútù, ó ń gbọ̀n. Ó rọra mí sí i, kí ọmọ lè mọ̀ pé òun ń mí, ó sì dúró kí Ọlákẹ́mi gbé ọwọ́ náà kúrò. Kò gbé e kúrò.